Tọ́pẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òṣèlú sínú àròkọ tó fẹ́ fi wọ yunifásítì: ṣé kó yọ ọ́ ni?

Màmá Tọ́pẹ́ (Hyattsville, Maryland):

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nínú ilé.

Tọ́pẹ́ ti wà ní kíláàsì kejìlá. Àròkọ Common App (fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wá ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà) ló ń kọ lọ́wọ́, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Iṣẹ́ tó ṣe nígbà ìbò ìlú wa ní oṣù Karùn-ún 2025 ló kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé apá ibí lè má mọ̀: láti 2015 ni ọmọ ọdún 16 ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ìlú ní Hyattsville. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà náà lè dì í, ti ìlú nìkan o, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ààrẹ. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ni kò gbọ́ ọ rí. Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri nínú ilé alájà mẹ́ta tí à ń gbé, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ará El Salvador, àwọn ará Cameroon, àti àwọn ìyá Yorùbá tí wọ́n gbà pé ẹ̀wọ̀n ni irú ẹ̀ máa ń já sí.

Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí gan-an. Àròkọ ọ̀hún ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ìlà kẹta, ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń san owó orí níbì kan gbọ́dọ̀ ní ohùn níbẹ̀, àti pé ọ̀tá irú èmi ìyá òun ni àwọn olóṣèlú tó ń ta ko irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ó tún wá kọ ọ́ pé iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pé gíríìn káàdì ni mo ṣì ń lò. Tó bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ kí àtìpó dìbò ńkọ́?

Bàbá rẹ̀ ní kó yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kó kọ ìdí tó fi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù bàbá yìí ti wá. Yunifásítì ló wà ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Wọ́n lé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, onítọ̀hún kò sì rí ìwé náà kà parí. Ní tiwa, máàkì JAMB ni wọ́n wò, kò sẹ́ni tó bi wá ní ohun tí a gbà gbọ́. Tọ́pẹ́ ní tòun, bí òun bá yọ ọ́, irọ́ lòun ń pa nípa ara òun. University of Maryland ló wù ú jù, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá sì ni early action wọn (àyè fún àwọn tó bá tètè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́) máa parí. Kí ni kí n sọ fún un?

Bàbá Ìbejì (Houston):

Màmá Tọ́pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà. Láti oṣù Kìíní 2024 ni òfin Texas ti mú kí àwọn yunifásítì ìjọba níbí ti ọ́fíìsì DEI wọn pa, èyí tó ń rí sí i pé oríṣiríṣi ẹ̀yà rí àyè láìsí ojúsàájú. Nǹkan ti yí padà, ẹ kò sì mọ irú ẹni tó máa ka ìwé ọmọ yín. Tèmi kọ nípa bó ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọlé. Kó wọlé ná, lẹ́yìn náà kó máa sọ ohun tó bá wù ú.

Àǹtí Ṣadé (olùdámọ̀ràn ní ilé-ìwé girama, New Jersey):

Màmá Tọ́pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ kọ ohun tó gbà gbọ́. Fọ́ọ̀mù Common App fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó ní kí ọmọ sọ ìgbà tó yẹ ìgbàgbọ́ tàbí èrò kan wò tàbí tó ta kò ó. Láti 2024, Harvard ń béèrè ìgbà tí èrò ọmọ àti ti ẹlòmíràn ta kora gidigidi lórí ọ̀rọ̀ kan. Yale náà ti béèrè ohun tó jọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni bí ọmọ ṣe ń hùwà sí ẹni tí kò gba tirẹ̀. Ìlà kẹta Tọ́pẹ́ ti pe ẹni yẹn ní ọ̀tá kó tó jẹ́ kó ya ẹnu. Ìlà yẹn ni kó yọ. Kó fi ilẹ̀kùn tó kàn síbẹ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn? Kí ló sọ? Ṣé ẹnì kan bá a jiyàn? Bí ẹni tó bá a jiyàn bá wà, òun ni kó kọ nípa rẹ̀.

Àwọn ọmọ máa ń mú ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ẹni tí Stanford bi léèrè ní 2017 pé kí ló ṣe pàtàkì sí i, tó sì kọ #BlackLivesMatter (pé ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú ṣe pàtàkì) ní ìgbà 100, tí wọ́n sì gbà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ náà ti ń darí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó kọ ọ́, iṣẹ́ yẹn sì wà nínú ìyókù fọ́ọ̀mù rẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé ariwo yẹn ró. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní oṣù Kẹfà 2023 pé kí yunifásítì má fi ẹ̀yà yan akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, Adájọ́ Àgbà John Roberts kọ ọ́ pé ọmọ ṣì lè sọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ayé rẹ̀, bó bá so ó mọ́ ìwà tàbí ohun tó lè ṣe. Mo máa ń gba àwọn ọmọ mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo ọ̀nà kan náà fún ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ohun tó kàn mí jù rèé: ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yín àti ti àwọn aládùúgbò. Tọ́pẹ́ kò ní in láti fi tọrẹ. Kó má kọ nọ́ńbà ilé, kó má kọ orúkọ, kó má sọ ẹni tó ní pépà àti ẹni tí kò ní. Bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn fún un lálẹ́, ọmọ aládùúgbò ló rí tó fi ṣí i. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù bí i ti 1993, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni.

Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kan ilẹ̀kùn alájà mẹ́ta kì í ṣe ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ohun tó ṣe ni yóò kọ.

Akin (ọdún kejì ní yunifásítì, Ohio):

Ẹ kú ilé, ma. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: kó má fi àròkọ kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo. Àwọn tó ń fún wa ní sìkọ́láṣípù ládùúgbò, àgbàlagbà oníṣòwò ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ fún ìlú. Ìtàn ilẹ̀kùn yẹn dára fún wọn, ìjiyàn òfin ìbò kò wúlò níbẹ̀. Àti pé bí Yale bá wà lára ibi tó ń lọ, àríyànjiyàn òun àti bàbá rẹ̀ yìí gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè wọn, bí bàbá bá fọwọ́ sí i.

Màmá Tọ́pẹ́:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún un ní kíṣìnì. Ó jà fún ìlà kẹta yẹn díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ fún mi nípa bàbá àgbàlagbà kan nísàlẹ̀ ilé, Yorùbá bíi tiwa, tó sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ọdún lòun fi dúró kí òun tó di ọmọ Amẹ́ríkà, kí ló dé tí ẹni tí kò tíì dúró tó bẹ́ẹ̀ yóò fi dìbò? Tọ́pẹ́ jókòó tì í títí omi tíì bàbá náà fi tutù. Kò yí bàbá lérò padà, bàbá náà kò yí i lérò padà, ṣùgbọ́n ó ní kó bá òun ka ìwé tí ìlú fi ránṣẹ́. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí rí! Òun ló fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò sì sí orúkọ níbẹ̀.

Gíríìn káàdì mi ti kúrò. Iṣẹ́ òru mi ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò kà á lọ́jọ́ Sátidé kí òun tó sọ̀rọ̀.

Àǹtí Ṣadé, ó ṣì fi díẹ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, kí n tó lọ síbi iṣẹ́?