Báwo làwọn ọmọ ṣe máa lanu sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí wa?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣèpàdé nílé wa n'Íbàdàn, ká lè dín ìnáwó kù. Ó ń ṣiṣẹ́ o: ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé là ń sè báyìí, àkọ́bí wa sì ń kọ gbogbo ìnáwó sínú ìwé, títí dórí owó ata. Àmọ́ bàbá wọn ti sọ ìpàdé di ibi ìbáwí, àwọn ọmọ á kàn dorí kodò. Mo ti bá bàbá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo tún ní káwọn ọmọ máa darí ìpàdé lọ́kọ̀ọ̀kan; kò pẹ́ tí ìyẹn náà fi forí ṣánpọ́n. N kò fẹ́ gbé e lọ bá àwọn àgbà ẹbí, nítorí iyì bàbá wọn.

Ọgbọ́n wo ni mo lè dá táwọn ọmọ á fi sọ tinú wọn níwájú bàbá wọn, láìsí àrífín?

Mo dúpẹ́ ṣáájú.