Ta ló ti gbé òrùka dáyámọ́ǹdì lọ tà rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdùkẹ́Peckham: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbéyàwó àbúrò mi tú, ó ní òun ò fẹ́ fojú rí òrùka ọ̀hún mọ́, la bá gbé e lọ sí Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníwúrà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ wa o: £3,200. Ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tá a kọ́kọ́ wọ̀ ò tiẹ̀ wo òkúta náà dáadáa. Ó gbé òrùka sórí ìwọ̀n, ó tẹ kakuléítọ̀, ó ní owó góòlù lòun máa san, òkúta inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fóun. Ẹni tó dá wa lóhùn dáadáa jù pe £650. Àbúrò mi bú sẹ́kún lójú títì. Ṣé bó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn nìyí, àbí torí pé aláwọ̀ dúdú ni wá?

BàbáÌbejì: Kò kan àwọ̀. Bó ṣe ń rí nìyẹn.

WúràLọwọ́: Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ wúrà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Wúrà, gbogbo ayé ló mọ iye tó ń lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ parí. Dáyámọ́ǹdì ò ní irú iye bẹ́ẹ̀. Méjì lè jẹ́ kárátì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gíráàmù 0.2, kí ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ fíìfíì, nítorí àwọ̀ rẹ̀, àbùkù inú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe gé e. Oníṣọ́ọ̀bù yẹn náà, ọwọ́ alátajà ńlá ló ti ń kó ọjà, wọ́n sì lè gbé e fún un láwìn, kó tà kó tó sanwó. Kí ló dé tó fi máa wá kó owó ojú ẹsẹ̀ lé tiyín? Èrè ẹni tó tà á fún ọkọ àbúrò yín, owó ilé tó háyà, owó orí ìjọba, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú £3,200 yẹn. Kò sẹ́ni tó máa dá ìyẹn padà fún yín.

ÌyáKékeré: Góòlù ni kẹ́ ẹ máa rà, mo ti sọ ọ́ títí. Góòlù ìyá mi ló rán mi níléèwé. Ta ló fi dáyámọ́ǹdì san owó iléèwé rí?

Tòkunbọ̀84: Moissanite, òkúta tí wọ́n ń ṣe ní láàbù tó jọ dáyámọ́ǹdì, ni mo fi sí ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó mọ̀ o, òun fúnra ẹ̀ ló mú un lórí fóònù. Ìyá ẹ̀ ni ò mọ̀. Màmá ti fi òrùka yẹn han gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kọ́ ni mo máa sọ fún wọn.

SàráÈkó: 😂😂 mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn

WúràLọwọ́: Tòkunbọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Òkúta yẹn le: 9.25 ni lórí òṣùwọ̀n líle òkúta, dáyámọ́ǹdì jẹ́ 10. Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òkúta tí wọ́n tà fún un ní dáyámọ́ǹdì, ó mú tẹ́sítà tiẹ̀ dání. Ó fi ẹnu ẹ̀rọ kan òkúta, ẹ̀rọ ké píí, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé awò sójú, mo yí òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo wo àwọn ìlà gígé tó wà lábẹ́: méjì méjì ni ìlà kọ̀ọ̀kan hàn sí mi. Dáyámọ́ǹdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru nìkan ni irú tẹ́sítà yẹn ń wò, moissanite sì ń gbé ooru bíi dáyámọ́ǹdì. Àfi èyí tó bá ń wo iná mànàmáná pẹ̀lú.

BàbáÌbejì: Ẹ kúkú ra ojúlówó. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n.

Akọ̀wéKékeré: Ta ló ní ó ṣọ̀wọ́n, sà? Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní Gúúsù Áfíríkà ní 1867 ló ti ń jáde wìtìwìtì, débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó ní ibi ìwakùsà pé ọjà á kú. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó oníṣòwò kan, Cecil Rhodes, fi kó àwọn ibi ìwakùsà náà pọ̀ di iléeṣẹ́ De Beers ní 1888. Nígbà náà, ẹni tó di ẹnu ọ̀nà mú ló ń pinnu iye tó máa jáde. Ní 1947 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìpolówó “A Diamond Is Forever”. Ẹ ronú sí i: ẹni tó bá gbà pé títí láé ni, kò ní gbé e lọ tà, kò sì ní rí ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ rí.

BàbáÌbejì: Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyàwó yín.

Akọ̀wéKékeré: Mi ò tíì níyàwó, sà.

SàráÈkó: Ó hàn.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Bàbá bàbá mi wa dáyámọ́ǹdì ní Akwatia ní Gánà. Àwọn ará ilé wa pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá ní àwọn á kó yanrìn àfonífojì odò Birim sínú ajọ̀, wọ́n á máa jọ̀ ọ́ nínú omi títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ já, wọ́n á wá máa fi ìka ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Wínníwínní ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń gé irin, kì í ṣe ti ọrùn ìyàwó. November 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí ò bá níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe di pé wọ́n wá ń gbin iṣu n'Ílé nìyẹn. Tẹ́nì kan bá ń fi òrùka ṣe fújà níwájú wọn, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín.

ÌyáKékeré: Ṣé Ghana Must Go nìyẹn?

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́: Rárá, mà. Ìyẹn la lé àwọn ní 1983. Àwọn ló kọ́kọ́ lé wa.

Kọ́láTẹmà: Ẹ tún ti dé o 🙄 Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkúta.

TolúHouston: Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe ní láàbù ni mo rà ní tèmi. Ojúlówó ni, kábọ́ònù kan náà ni. Owó ẹ̀ ń já wálẹ̀ ṣáá. De Beers náà ní ká jọ tà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Lightbox, ẹ̀ka tó ń ta ti láàbù, ní 2018, $800 fún kárátì kan. Nígbà tó di 2025, wọ́n ní àwọn ń ti ìyẹn pa.

BàbáÌbejì: Èyí tí ènìyàn ṣe, ayédèrú ni.

Ọ̀rẹ́Ifẹ̀: Sẹ̀gi ọrùn ọba ńkọ́, Bàbá? Gíláàsì ni. Iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ ní Igbó Olókun n'Ífẹ̀, láti ọ̀rúndún 11 sí 15. Ọba wo ló pè é ní ayédèrú?

BàbáÌbejì: Ẹ má fi sẹ̀gi wé ìyẹn! Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn bàbá wa. Iyùn ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ojúlówó.

Àdùkẹ́Peckham: Ẹ dákẹ́ ariwo ná. Àbúrò mi máa fẹ́ ẹlòmíì lọ́jọ́ kan, kí ló máa rà?

WúràLọwọ́: Ẹ wá sí ọjà òkúta Òjòó n'Íbàdàn, mà. Tourmaline ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú, òun làwọn ará Jámánì ń gé ní Idar-Oberstein. Àmọ́ líle ẹ̀ kò ju 7 sí 7.5 lọ. Tó bá jẹ́ òrùka tí kò ní bọ́ lọ́wọ́, tó ń fi fọ abọ́, tó ń fi gbọ̀n eruku, ẹ bá a wá sáfáyà Mambilla. 9 nìyẹn.

Tòkunbọ̀84: Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ojúlówó, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé iyùn yín kì í ṣe ike?

WúràLọwọ́: Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án létí ihò. Tó bá jẹ́ ike, á yọ́, á sì rùn.

BàbáÌbejì: Ìyá Ìbejì ló ni ín, èyí tó wọ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ. Mo ń bọ̀.

BàbáÌbejì: Ó rùn.