Ṣé a ó tẹ̀ ẹ́ jáde ni, àbí a ó fi í ránṣẹ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa gbé síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní òun ti kọ ìkíní nínú ohun tí òun fẹ́ máa fi ṣọwọ́ sí àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ímeèlì lọ́sẹ̀ méjì méjì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní newsletter. Ó ti parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí orúkọ tí yóò pè é ní Yorùbá, kò sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sára bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹnìkan ní kó pè é ní "ìwé ìròyìn". Ẹlòmíràn ní "lẹ́tà ìròyìn". Bàbá wa ní "àtẹ̀jáde" ti tó, pé kí a má dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ níbi tí ti àtijọ́ wà.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá kí n tó sọ pé n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ìwé ìròyìn" kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lólúwa rẹ̀ láti 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 15 síra ni òun náà ń jáde, bí ẹni pé òun àti àbúrò wa jọ dá ọjọ́. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, ẹnikẹ́ni tó bá ní in lè rà á, olóòtú kò sì ní láti mọ̀ ọ́n. Ti àbúrò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà, àbúrò wa sì lè jókòó ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìwé rẹ̀ ni pé ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti pa ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ́, nítorí "kò sí ìròyìn kankan nínú rẹ̀". Orúkọ ló ṣe é bẹ́ẹ̀! Ẹni tí a bá sọ fún pé ìwé ìròyìn ló ń kọ yóò máa wá ìròyìn kiri. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ka ìkíní kò béèrè ju pé: ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kí ni yóò máa bá mi sọ, ìgbà wo ni yóò tún kọ sí mi? Ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó fún ìyẹn. "Lẹ́tà ìròyìn" kò yọ ọ́ nínú ìdààmú yìí, Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ dàǹṣíkí fún ni, ìròyìn náà ṣì wà nídìí rẹ̀.

"Àtẹ̀jáde" ló le jù láti jiyàn lé lórí. Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé pé "tẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́, kò sí tàdáwà mọ́, kí ni a tún ń tẹ̀? N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà. A ṣì ń tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi di ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé "mo rà á" ṣùgbọ́n "mo ra aṣọ". Kò sí ohun tó ṣe "tẹ̀". "Jáde" ni mo ń bá jà. Ohun tó bá jáde ti jáde nìyẹn, kò sí ẹni tó dojú kọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu: "ó tẹ̀ ẹ́ jáde sí mi". Kò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n "ó fi í ránṣẹ́ sí mi" dúró dáadáa, nítorí "ránṣẹ́" máa ń wá ẹni tí iṣẹ́ náà ń lọ bá.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Lórí Substack, ìkànnì tí a fi ń kọ irú nǹkan báyìí, fún àpẹẹrẹ, bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjì: yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sójú ewé tí gbogbo ayé lè ṣí, yóò sì tún fi í sínú àpótí ímeèlì àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi ìkíní tèmi ránṣẹ́, àmì ohùn kan tí kò tọ́ wọ inú àkọlé rẹ̀. Mo tún un ṣe lójú ewé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Èyí tó ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn kò ṣeé tún ṣe, àṣìṣe náà wà níbẹ̀ dòní. Ohun tó jáde ṣeé fà padà sínú ilé, ohun tí a fi ránṣẹ́ ti lọ. Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé, kí ló dé tí a ó fi pa á pọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni àkọránṣẹ́. "Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí mi" ni gbogbo wa ń sọ, ibẹ̀ ni mo ti mú un. Ìlànà rẹ̀ kò ṣàjèjì: àkọsílẹ̀, àtẹ̀jáde, àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ ó ní gbogbo lẹ́tà ni àkọránṣẹ́. Òótọ́ ni. Níbi tí ó bá ti lè rú ènìyàn lójú, ẹ jẹ́ kí a pè é ní àkọránṣẹ́ àtìgbàdégbà. Àǹtí wa tó mú "àrokò" wá, ìyẹn ohun tí àwọn àgbà ń fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀, wú mi lórí, torí owó ẹyọ mẹ́fà tó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ jẹ́ lẹ́tà tó dùn ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ lọ. Ṣùgbọ́n àrokò ní ìtumọ̀ tó fara pamọ́, èyí tí a ń sọ yìí kò gbọdọ̀ fara pamọ́.

Ewu kan wà tí n kò ní fi pamọ́ fún yín. Bí ẹ bá fi àmì òkè sórí ọ lẹ́yìn k, ó di àkọ́ránṣẹ́, bí àkọ́bí àti àkọ́so: ohun tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ ní "àkọ́kọ", ohun tí a kọ́kọ́ kọ, lọ́kàn fún ti ìkíní, àmọ́ mo jù ú nù, nítorí láìsí àmì, àkọ́kọ́, àkókò, akòko àti Àkókó ti ń du ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, "akoko". Àkọránṣẹ́ àti àkọ́ránṣẹ́ nìkan ló máa du tiwọn, ẹni tó bá sì kà á gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú gbólóhùn. Mo lè fara da ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.

Àbúrò mi, kọ "Fi ránṣẹ́" sára bọ́tìnnì náà. Dá ìpínrọ̀ tí o pa rẹ́ padà, kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ara rẹ kí o lè rí àmì ohùn tí kò bá tọ́, kí o sì fi orúkọ mi kún àwọn tí yóò gbà á.