Ṣé NAICOM, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ adójútòfò, á ka ilé tí ìwé rẹ̀ kò tíì parí mọ́ bílíọ̀nù 15 náírà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tó mọ ìṣirò ilé iṣẹ́ adójútòfò.

Lábẹ́ òfin adójútòfò 2003, ìdá 15 nínú 100 owó tí oníbàárà san, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ti àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tó bá yín pín ẹrù, lẹ máa ń fi wé bílíọ̀nù 3 tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú dúkìá yín lẹ́yìn gbèsè. Òfin 2025 sọ ọ́ di bílíọ̀nù 15 fún ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀mí, tàbí iye tí ewu inú iṣẹ́ bá béèrè, bíyẹn bá jù ú lọ.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Ilé iṣẹ́ kan tí kì í ṣe ti ẹ̀mí ní dúkìá bílíọ̀nù 21, gbèsè 5.5, 15.5 ló kù, ó yege. Ṣùgbọ́n 1.8 nínú dúkìá náà jẹ́ ilé kan tí sí-ọ́fù-ó (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀) rẹ̀ ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á, ìyọ̀ǹda gómìnà kò tíì jáde. Bí NAICOM bá fagi lé e, 13.7 péré ló ṣẹ́ kù.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yọ, àbí wọ́n ń gba rìsíìtì ìyọ̀ǹda? Èwo ló yá jù: kí ilé iṣẹ́ náà ta ilé ọ̀hún, àbí kí àwọn onípìn-ín dá 1.3 sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n lọ darapọ̀ mọ́ ẹlòmíì; ìwé tìyẹn gan-an pọ̀ ju ti ilé lọ.