Ìmọ̀ràn kíákíá: gáàsì wo ni kí wọ́n fi sínú AC yìí?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ dá mi lóhùn kílẹ̀ tó mọ́. AC yàrá màmá mi ò tutù mọ́, atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́. Ẹni tó wá wò ó ní gáàsì ẹ̀ ló ti ń tán, ó ní lọ́la òun máa tú ìyókù dànù kóun tó rọ òmíràn sí i, ó wá ní kí n sọ èyí tí mo fẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ń ba ósónì jẹ́, ìyẹn ìbora òkè ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán burúkú oòrùn. Màmá ò lè sùn nínú ooru. Èwo ni kí n mú?

Baba Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: Ọmọ mi, o ò sọ irú AC tó jẹ́. Lọ wo ara èyí tó wà níta, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀: R22, R410A tàbí R32. Èyí tí wọ́n bá kọ ni kí wọ́n fi sí i, a kì í ṣà á bí ẹni ṣa aṣọ. Àti pé gáàsì AC kì í tán bí epo mọ́tò o, inú páìpù ló ń yí po, tó bá ti dín kù á jẹ́ pé ó ń jò. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò.

Adé_Tútù: R410A ni kẹ́ ẹ mú, kò pa ósónì lára rárá, R22 ti ń kúrò nílẹ̀.

Baba Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: Adé, má ṣi ọmọlọ́mọ lọ́nà. Ìfúnpá R410A pọ̀ gan-an ju ti R22 lọ, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ R22, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, ò lè gbé e, òróró inú wọn gan-an ò bára mu.

Títí: Ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Lọ́dún tó kọjá ẹnìkan bá wa tún AC ṣe, ó ní gáàsì tí kì í ba ayé jẹ́ lòun máa fi sí i, a tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gáàsì ìdáná ló rọ sínú AC R22! Ó tutù o, mi ò ní parọ́. Ọjọ́ kẹta ló jò sínú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó tẹ súìṣì, bí iná ṣe sọ nìyẹn. Ojú àti apá ló jó o. Apá yẹn ò tíì nà tán dòní. Àbẹ̀kẹ́, ẹ má gbà fún wọn!

Mọ̀rẹ́nikẹ́: Háà, Olúwa ṣàánú o. Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n wa.

Láńrewájú: Ó dùn mí gan-an o. Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?

Títí: Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣé.

Adé_Tútù: Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹ̀bi gáàsì yẹn, ẹ̀bi ẹni tó rọ ọ́ ni. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, R600a ló wà nínú wọn, ẹbí kan náà ni òun àti gáàsì ìdáná, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kékeré ni, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ yẹn fún un.

Títí: Ẹ máa wí. Ẹ ò rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ìbejì: Èmi ti kó gbogbo agolo tó ń fín irun dànù nítorí ósónì yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹ́mísírì: Mà, ọ̀pọ̀ agolo yẹn ti kúrò lórí CFC tipẹ́, ìyẹn àwọn gáàsì àtijọ́ tó ní kílórínì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ torí mo rí i pé a ti ń da nǹkan méjì pọ̀, bíba ósónì jẹ́ àti mímú ayé gbóná. Kílórínì ló ń pa ósónì. 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland ti kìlọ̀ ẹ̀: CFC máa gòkè lọ, ìtànṣán oòrùn á já kílórínì kúrò lára ẹ̀, ẹyọ kílórínì kan ṣoṣo á sì lè tú ósónì bíi 100,000 ká kó tó sinmi. 1985 ni wọ́n kéde ihò tó wà lókè Antarctica, 1987 làwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dá irú gáàsì bẹ́ẹ̀ dúró. R22 ní kílórínì lóòótọ́, àmọ́ ìbàjẹ́ ẹ̀ ò ju bíi 5 nínú 100 ti R12, CFC àtijọ́ kan, lọ. R410A ò ní rárá, Adé sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ńkọ́? Láàárín 100 ọdún, kílò R22 kan ń mú ayé gbóná tó bíi kílò 1,810 èéfín kábónì (CO2), ti R410A tó 2,088, R32 jẹ́ 675. Ìdí tí wọ́n fi tún ṣe àtúnṣe ti Kigali sí àdéhùn náà ní 2016 nìyẹn, láti dín irú gáàsì bíi R410A kù. Nítorí náà "tú u dànù" tí ẹni tó wá wò ó sọ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Inú páìpù kọ́ ló ti ń ṣeni níbi, ìgbà tó bá jáde ni.

Mọ̀rẹ́nikẹ́: Ẹ ra AC tuntun tó ń lo R32, ẹ sinmi.

Adé_Tútù: Èmi náà fara mọ́ R32.

Baba Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: Àbẹ̀kẹ́, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ tó sì jẹ́ apá inú ilé ló ti ń jò, kò nílò àtitú dànù. Ní kó fa gbogbo gáàsì padà sínú ẹ̀rọ ìta, kó ti fáàfù, kó tún ibi tó jò ṣe, kó fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, kó tó ṣí i padà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó má fọwọ́ kàn án.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an, Baba, ẹ kú àlàyé. R22 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe ti wá, ó ti lọ. Mi ò ra tuntun, ẹ má bínú, agbára mi ò ká a báyìí. Omi ọṣẹ ló fi rí i pé nọ́ọ̀tì inú ilé ló ń jò, mo ka ọ̀rọ̀ Baba sí i létí, ó fa ìyókù padà síta, ó tún un ṣe. Kò gbé pọ́ǹpù wá, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó lọ yá a, ó pẹ́ gan-an kó tó dé. R22 náà ló fi kún un. Màmá ti sùn.

Títí: Ṣé ó dá yín lójú pé R22 ló rọ síbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Èmi fúnra mi ni mo ka ohun tó wà lára sìlíńdà kó tó ṣí i. Tiyín ni mo ń rò.