Ta ló rántí bàbá wa ní pápákọ̀ òfurufú Alákìá?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa, tó ń darí bàálù láti orí ilé gogoro pápákọ̀ òfurufú Alákìá n'Ìbàdàn, ti re ibi àgbà ń rè. Ìwé ìrántí wọn là ń kọ. Ẹ̀yin awakọ̀ bàálù, panápaná àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rántí nípa wọn?

Tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, àwọn ni wọ́n máa ń sọ fún awakọ̀ bí ojú ṣe ríran jìnnà tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti bó ṣe le tó, kí bàálù tó balẹ̀. DNIB ni àmì Ìbàdàn láàárín àwọn awakọ̀. Nílé, wọ́n á ní ká kà á bí awakọ̀ ṣe ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "Delta, November, India, Bravo!" Ẹni tó bá ṣì í á tún un kà.

Ohùn wọn lẹ́nu iṣẹ́ ló ń wù mí jù. Ọjọ́ 30, ó kéré tán, ni òfin àgbáyé ní kí wọ́n fi tọ́jú ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn sì ti kọjá tipẹ́. Ǹjẹ́ awakọ̀ kan wà tó gba tiwọn sórí kásẹ́ẹ̀tì? Fọ́tò wọn ńkọ́?