"Owe" ní èdè Tọ́kì: borcum var ni àbí borçluyum?

Àtàndá34:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ èdè Tọ́kì ni mo gbé wá. Mo fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí a jọ ń gbé ilé ní Istanbul, pé mo jẹ ẹ́ ní 300 lira àti pé màá san án lọ́jọ́ Ẹtì. Mo wá "owe" nínú ìwé atúmọ̀, ó ní borçlu olmak. Ẹ̀rọ atúmọ̀ orí fóònù ní borcum var. Níbòmíràn, borç almak ni mo rí. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kí ló sì dé tí wọ́n ń kọ ç síbi kan, tí wọ́n ń kọ c síbòmíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ti òdìkejì rẹ̀ sí i, bó bá jẹ́ òun ló jẹ mí lówó.

Ògbufọ̀Ankara:

Ẹ fi borç almak sílẹ̀ ná, kì í ṣe òun lẹ ń wá. Owó yíyá nìyẹn. Èyí tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ nìyí:

Sana 300 lira borcum var. Cuma günü ödeyeceğim.

Èdè Tọ́kì kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ tí "jẹ" ń ṣe nígbà tí a bá ní "mo jẹ ọ́ lówó". Borç, ìyẹn gbèsè, ni wọ́n máa ń gbé síwájú, wọ́n á wá sọ pé ó wà tàbí kò sí. Sana ni "sí ọ", borcum ni "gbèsè mi", var ni "wà". Ẹni tí a jẹ lówó ló ń gba -a tàbí -e sídìí orúkọ rẹ̀: Ayşe'ye, bankaya, ev sahibine (onílé nìyẹn). Iye owó kò gba nǹkan kan. Ẹ má kọ liralar torí pé owó náà pọ̀. Lẹ́yìn nọ́ńbà, lira náà ló ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni -um yẹn. Wọ́n á kọ "ben sana 300 lira borç var", wọ́n rò pé ben, ìyẹn "èmi", tó wà níwájú ti sọ ta ni onígbèsè. Kò sọ ọ́. Ìdí borç ni onígbèsè máa ń jókòó sí: borcum ni tèmi, borcun ni tìrẹ, borcu ni ti òun, borcumuz ni tiwa, borcunuz ni tiyín. Ẹ tiẹ̀ lè yọ ben kúrò pátápátá.

Ní ti ç àti c, bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé ç tó parí borç, ṣe ló máa rọ̀, á di c. Ibẹ̀ ni borcum, borcu àti borca ti wá. Bí kọ́ńsónáǹtì ló bá tẹ̀lé e, ó dúró bó ṣe wà: borçlu, borçlar. Borçum tí àwọn kan ń kọ, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. C tiwọn, j tiwa ni, nítorí náà ẹ pe borcum bí ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ ní borjum.

Bó bá ti kọjá, var á di vardı. Bí kò bá sí gbèsè rárá, Sana borcum yok. Bí ẹ bá ti san tán, tí kò ṣẹ́ kù mọ́, Borcum kalmadı.

Òdìkejì rẹ̀: Ayşe'nin bana 300 lira borcu var. Orúkọ onígbèsè gba -nin, borç gba -u, èmi tí wọ́n jẹ lówó sì di bana. Kì í ṣe bene o. Ben àti sen (ìwọ) máa ń yí padà sí bana àti sana, ẹ kàn há a sórí ni.

Àdùnní_K:

Mo fẹ́ fi kún un pé borçlu olmak kì í ṣe ti owó. Ti oore ni. Hayatımı sana borçluyum, bí ẹni pé ìwọ lo gba ẹ̀mí mi là. Tó bá ti jẹ́ lira, borcum var nìkan ni.

Olùkọ́Èdè:

Ẹ jẹ́ ká rọra, Àdùnní. Sana 300 lira borçluyum tọ̀nà, àwọn onílé-èdè ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa wò yín lójú. Bó ṣe jẹ́ ni pé borçlu fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. "Onígbèsè" ni. -yum tó wà nídìí rẹ̀ ló ń sọ pé "èmi ni". Onígbèsè ni mí sí ọ, 300 lira. Ẹ máa gbọ́ borcum var ju borçluyum lọ láàárín ọ̀rẹ́ àti lọ́jà, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ wọn bó bá kan owó.

Ibi tí borçlu ti lágbára jù ni ohun tí kò níye lórí. Sana bir özür borçluyum: ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ ọ́. Bana bir açıklama borçlusun: àlàyé kan wà tí o gbọ́dọ̀ ṣe fún mi. Bí ohun náà bá jẹ́ ohun pàtó, ó gbọ́dọ̀ gba -ı, -i, -u tàbí -ü: Başarımı anneme borçluyum, ọlá ìyá mi ni mo fi ṣe àṣeyọrí. Ẹ má jẹ́ kí -ı yẹn bọ́ sílẹ̀. Hayatım sana borçlu yàtọ̀ sí Hayatımı sana borçluyum. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀mí yín gan-an ni onígbèsè. Nínú ti ìkejì, ẹ̀yin ni. Bákan náà, kọfí tí ẹ ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ lè jẹ́ Sana bir kahve borcum var, nítorí náà kò sí ògiri láàárín méjèèjì.

Ọ̀kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, tàbí tí ẹ kó ọjà síwájú oníṣòwò, Borcum ne kadar? ni wọ́n fi ń béèrè pé èló ni. "Èló ni gbèsè mi?" Ẹ ò ra àwìn kankan, ẹ ò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Iye tí ẹ fẹ́ san lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gbèsè yẹn. Bí ẹ bá pọ̀, Borcumuz ne kadar?

Boynumun borcu náà wà, gbèsè ọrùn mi, tí wọ́n ń lò fún ohun tó di dandan fúnni láti ṣe. Èyí kò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá, ọrùn ni àwa náà ń gbé tiwa kọ́.

Arẹ̀mú_Konya:

Ẹ jẹ́ kí n mú borç almak tí wọ́n tì sẹ́yìn. "Yá" tiwa ń lọ síhà méjèèjì: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ́kì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Almak ni gbígbà, vermek ni fífúnni. Ali'den borç aldım, mo yá owó lọ́wọ́ Ali. Ali'ye borç verdim, mo yá Ali lówó. Ẹ ṣọ́ àfòmọ́ ìdí orúkọ: -den ni ibi tí owó ti jáde, -ye ni ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá pàṣípààrọ̀ wọn, ẹ ti sọ olówó di onígbèsè.

Ìwé, agboorùn, àkàbà, ohun tí ẹ máa dá òun gan-an padà, ödünç ni wọ́n ń lò fún un: Kitabı ödünç aldım. Borç jẹ́ ti owó, tàbí ohun tí a máa ná tán tàbí jẹ tán, ká tó fi irú rẹ̀ dípò. Àwọn àgbà tó ṣì ń ya "wín" sọ́tọ̀ kúrò lára "yá", tí wọ́n ń wín iyọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń yá ọlọ, ti ní ìyàtọ̀ yìí lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì tún wà fún òdìkejì tí Àtàndá béèrè: Ayşe'den 300 lira alacağım var. Alacak ni owó tí ènìyàn ní í gbà, alacaklı sì ni olówó tó ń sin gbèsè. K rẹ̀ ń di ğ gẹ́gẹ́ bí ç ṣe ń di c. Alacağım nìkan, láìsí var, "màá gbà á" tàbí "màá rà á" ni, nítorí náà ẹ má gbàgbé var.

Àwìn ni veresiye. Ẹni tó bá ń ra àwìn lọ́dọ̀ bakkal, ìsọ̀ kékeré àdúgbò, á ní Deftere yaz, kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni veresiye defteri. Zimem defteri ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, àṣà kan sì wà tó ti ayé Ottoman wá, pé lóṣù Ramadan olówó lè wọ ìsọ̀ tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, kó san gbèsè inú ojú ìwé bíi mélòó kan, kó sì bá tirẹ̀ lọ láìdárúkọ.

Àtàndá34:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti yé mi. Ó kù kan: báǹkì ni mo máa gbà fi owó náà ránṣẹ́. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní açıklama. Ṣé kí n kọ borç síbẹ̀?

Ògbufọ̀Ankara:

Ẹ má kọ borç lásán. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè jẹ́ "mo yá a" tàbí "mo san án padà". Ẹ kọ borç ödemesi, ìyẹn gbèsè sísan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń yá ènìyàn lówó, borç olarak gönderilmiştir ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ òfin ló fà á. Lójú Yargıtay, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àgbà wọn, owó tí a fi ránṣẹ́ láìsí àlàyé, gbèsè àtẹ̀yìnwá la kà á sí pé ó ń san. Ẹni tó yá ọ̀rẹ́ lówó láìkọ nǹkan kan lè gbọ́ lọ́jọ́ iwájú pé "o jẹ mí tẹ́lẹ̀ ni", òun tó fi owó ránṣẹ́ ló sì máa wá ẹ̀rí pé àyálò ni.

Bí ẹ bá tún fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilé gbígbà, ẹ máa rí kiracının borçları níbẹ̀. Kì í ṣe àkójọ owó tí ayálégbé ti jẹ sílẹ̀ o. Ojúṣe rẹ̀ ni: kó san owó ilé, kó lo ilé náà pẹ̀lú ìṣọ́ra, kó má di aládùúgbò lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni borç ṣe rí nínú Türk Borçlar Kanunu, òfin nọ́ńbà 6098 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2012, tó rọ́pò ti 1926. Onílé náà ní borç tirẹ̀ nínú òfin yẹn, ẹ ka apá ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.